Nígbà Tí Nǹkan Oṣù Bá Ń Kásẹ̀ Nílẹ̀: Ìrànlọ́wọ́ fún Ìyá Tó Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ JẸ́ ká fojú inú wo ìyá kan tó ti ń ta léèsì lọ́jà Balógun láti ogún ọdún sẹ́yìn. Kò nílò ìwé rí kó tó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àti iye tó jẹ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ dúró níwájú rẹ̀, orúkọ onítọ̀hún kò sì wá sí i lẹ́nu. Bó ti ń wá orúkọ náà, ooru kan ta láti àyà rẹ̀, ó gun ọrùn, ó sì bo gbogbo ojú. Òógùn rin gèlè rẹ̀ gbingbin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀ sí i létí, ó ní: “Màámi, ẹ ti gbowó lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún ń bi wọ́n ni.”

Ìyá náà fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ lóru ọjọ́ yẹn, kò rí oorun sùn. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé, ‘Àbí orí mi ti fẹ́ dàrú ni?’

Àpèjúwe lásán ni ìyá yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe àjèjì sí. Wọ́n wà ní Ìdúmọ̀tà àti Òkè Àrìn, wọ́n wà ní àwọn báńkì tó wà ní Marina àti Broad Street, wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tiẹ̀ ti fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé iyè àwọn ti rà. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kókó yìí láìfi bò. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kan àwọn ìyá nìkan. Ó kan àwọn ọkọ wọn, àwọn ọmọ wọn, àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n ń wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ wọn.

Kí Ló Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ara?

Ọjọ́ orí ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù sábà máa ń dúró lára obìnrin. Tí oṣù 12 bá tẹ̀ léra tí obìnrin kò rí nǹkan oṣù, tí kì í sì í ṣe oyún tàbí àìsàn ló fà á, àwọn dókítà á gbà pé ó ti dúró pátápátá. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìyípadà náà ń wáyé. Ó lè tó ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ìgbà yẹn tí nǹkan oṣù á ti máa ṣe ségesège. Ó lè wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan, kó má sì wá fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ní gbogbo àkókò yìí, obìnrin ṣì lè lóyún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ.

Kí ló fà á? Inú ilé ẹyin obìnrin ni ọ̀pọ̀ jù lọ họ́mónù tí wọ́n ń pè ní estrogen ti ń wá. Bí ẹyin tó wà níbẹ̀ ti ń tán lọ, estrogen á máa lọ sókè sódò, títí tí á fi lọ sílẹ̀ tí kò ní gòkè mọ́. Kì í sì í ṣe ilé ọmọ nìkan ni họ́mónù yìí ń ṣiṣẹ́ fún. Egungun, òpó ẹ̀jẹ̀, awọ ara, ojú ara àti ọpọlọ ló ń jàǹfààní rẹ̀. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń díwọ̀n bí ara ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó. Nígbà tí estrogen bá dín kù, ibẹ̀ kì í lè fara da ìyípadà díẹ̀ mọ́. Bí ara bá kàn gbóná díẹ̀, ọpọlọ á rò pé ooru ti pọ̀ jù, á ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, á sì tú òógùn jáde. Ìdí rèé tí obìnrin fi lè máa làágùn níwájú fáànù nígbà tí òtútù ń mú àwọn yòókù.

Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ yọ ilé ẹyin méjèèjì fún kì í rí àkókò ségesège yìí rárá. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn, ó sì sábà máa ń le ju ti àwọn yòókù lọ.

Kí Nìdí Tí Iyè Kì Í Fi Sọ Bíi Ti Tẹ́lẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ìyá gbà pé ooru ara wà lára ohun tó ń bá ọjọ́ orí rìn. Ìgbàgbé ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọ̀rọ̀ á wà lẹ́nu, kò ní jáde. Ẹ wọ yàrá, ẹ kò mọ ohun tí ẹ wá mú. Ẹ ka lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì yé yín.

Nǹkan méjì ló pa pọ̀ fà á. Àkọ́kọ́, estrogen ní iṣẹ́ tó ń ṣe ní àwọn ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àti orúkọ sí. Bó bá ń lọ sókè sódò, ọpọlọ náà ní láti kọ́ bí á ṣe máa ṣe é láìsí i. Èkejì ni àìsùn. Ìyá tí òógùn jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, tó sì ti wọ ọkọ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ kó tó di pé ọkọ̀ há lórí afárá, kò sinmi rárá. Ẹni tí kò bá sùn kò lè rántí nǹkan dáadáa, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

Ǹjẹ́ ó máa ń lọ? Ìwádìí ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, tí wọ́n ń pè ní SWAN. Ó tẹ̀ lé obìnrin tó lé ní 3,000, títí kan àwọn obìnrin adúláwọ̀. Ní ọdún 2009, àwọn olùṣèwádìí náà ròyìn pé agbára láti kọ́ ohun tuntun rọ díẹ̀ ní àkókò ìyípadà náà, àmọ́ ó padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró. Ní ọdún 2022, ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ìṣesí ni wọ́n gbé yẹ̀ wò ní Ọjọ́ Àgbáyé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdúró nǹkan oṣù, ìyẹn October 18. Ohun tí àwọn ògbógi sọ nígbà náà ni pé ìgbàgbé yìí kì í sábà pọ̀, àti pé àìsàn tó ń pa iyè rẹ́ ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn tó wà ní ọjọ́ orí yìí.

Ó yẹ ká fi òtítọ́ kan kún un. Ìwádìí SWAN kan náà fi hàn lọ́dún 2015 pé ooru ara máa ń pẹ́ lára àwọn obìnrin adúláwọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ìdajì nínú àwọn tó ń yọ lẹ́nu lemọ́lemọ́ ló bá a yí fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu láti sọ fún ìyá kan pé kó kàn fara dà á, pé ó máa tó kọjá. Ó yẹ ká ràn án lọ́wọ́.

Àwọn Èrò Tó Ń Dá Kún Ìṣòro

Ibà ni àwọn kan ń pe ooru yìí. Wọ́n á ra oògùn ibà lónìí, wọ́n á tún rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ń gbára jọ sínú ikùn, pé òun ló ń mú kí ikùn tóbi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń dúró síbẹ̀. Ara kò pèsè rẹ̀ mọ́ ni. Nítorí náà, àgbo tí wọ́n ń mu láti fi “fọ inú” kò lè lé ohun tí kò sí níbẹ̀ jáde, ó sì lè pa ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín lára.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tá ni ìgbàgbé ìyá kan, tàbí pé òun fúnra rẹ̀ ti di àjẹ́ nítorí pé inú ń tètè bí i, kì í sì í sùn lóru. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra níbí. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn gbàdúrà fún ìyá tó ń ṣàárẹ̀. Àmọ́ bí àdúrà náà bá sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sá fún, ọgbẹ́ tuntun la dá sí i lára.

Ìyá Ọjà Kan ní Eréko

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òpin làákàyè obìnrin ni ìdúró nǹkan oṣù, kó rántí Alimotu Pelewura. Ọjà Eréko ní Erékùṣù Èkó yìí ló ti ń ṣòwò, òun sì ni olórí níbẹ̀. Láti ọdún 1932 ló ti wà nínú Ìgbìmọ̀ Ìlú gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn obìnrin ọjà. Ní ọdún 1940, nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣòfin pé kí àwọn obìnrin Èkó máa san owó orí lórí ohun tó ń wọlé fún wọn, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Kò mọ̀wé kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Síbẹ̀, òun ló ṣáájú àwọn obìnrin ọjà lọ kojú àwọn aláṣẹ ní December ọdún yẹn. Ìjọba gbà láti gbé iye owó tí obìnrin gbọ́dọ̀ máa rí lọ́dún kó tó san owó orí láti £50 sí £200.

Kò tíì tán. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba fẹ́ máa dá iye owó gàrí àti oúnjẹ mìíràn lé e fún àwọn ọlọ́jà. Pelewura àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún kọ̀ jálẹ̀. Títí ó fi kú lọ́dún 1951, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń rinlẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́jà Èkó. A kò mọ bí ara ṣe ṣe é nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró. Àmọ́ ohun tí gbogbo èèyàn rí ni pé lẹ́yìn ìgbà yẹn ló ṣe iṣẹ́ tí a fi ń rántí rẹ̀ dòní.

Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe

Ẹ kọ́kọ́ wá bí ẹ ṣe máa sùn. Kí aṣọ orun jẹ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í ṣe ọ̀rá. Bí iná kò bá sí, ẹ gbé abẹ̀bẹ̀ àti omi tútù sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ẹ sì fi aṣọ kan sí ìtòsí tí ẹ lè fi pààrọ̀ láìjí dìde pátápátá. Ẹ kíyè sí ohun tí ẹ ń jẹ nírọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé kọfí ń lé oorun, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé èròjà kan náà tó wà nínú kọfí wà nínú obì. Ata tó ta gan-an àti ọtí líle náà lè fa ooru ara. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ lè mọ èyí tó ń dà yín láàmú, torí kì í ṣe ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo obìnrin.

Ẹ má ṣe fi gbogbo nǹkan sórí mọ́. Ìwé kékeré kan nínú àpò owó tó. Bí oníbàárà bá san owó, ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ọjà bá dá. Bó bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́ sí báńkì, ẹ wo inú àkáǹtì yín kí ẹ tó gbé ọjà fún un, kí ẹ sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú kan tó ń wà ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi fóònù yín ṣe aago fún ohun tí ẹ kò fẹ́ gbàgbé. Irú èyí kì í ṣe àmì pé orí ti bà jẹ́. Àwọn tó ń fi ìwé ṣírò owó ní báńkì kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n ya òpè.

Iṣẹ́ tó gba làákàyè, ẹ ṣe é láàárọ̀ tí ara ṣì tutù. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa ṣe. Bí ẹ bá ń ka owó, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ẹ ó fi kà á tán. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tó wà nísọ̀ tàbí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán níbi iṣẹ́ mọ ohun tó ń ṣe yín, kó lè ràn yín létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ máa rìn. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ dára fún ọkàn, fún oorun àti fún ìrònú. Ẹ tún rántí egungun, nítorí pé bí estrogen ti ń lọ, egungun á máa ṣófo díẹ̀díẹ̀. Ẹja kékeré tí a ń jẹ tegungun-tegungun, wàrà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ wúlò fún un.

Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Rí Dókítà?

Bí ooru tàbí ìgbàgbé bá ń dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́, ìyẹn nìkan ti tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ilé ìwòsàn aláboyún tó wà ní Erékùṣù náà dáadáa, àmọ́ wọ́n rò pé àwọn tó fẹ́ bímọ nìkan ló wà fún. Dókítà tó ń tọ́jú àwọn obìnrin ń tọ́jú ìyá tí kò bímọ mọ́ pẹ̀lú. Ó sì ṣe pàtàkì pé kó yẹ̀ yín wò, torí pé àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ìdààmú ọkàn àti àìsàn ẹṣẹ́ inú ọrùn tó ń fa gẹ̀gẹ̀ lè fara jọ ohun tí à ń sọ yìí. Wọ́n sì ní ìtọ́jú.

Àwọn àmì kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn tí oṣù 12 ti kọjá láìsí nǹkan oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, ẹ lọ rí dókítà, nítorí ó lè jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ ilé ọmọ, ó sì dára kí wọ́n tètè mọ̀. Bí ẹnì kan bá sọnù lójú ọ̀nà ilé tó ti ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe mọ́, ìyẹn ti kọjá ìgbàgbé lásán. Bí ojú bá ṣàdédé yí sí apá kan, tí ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu, àrùn rọpárọsẹ̀ ló lè jẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gba lọ lójú ẹsẹ̀.

Ti oògùn họ́mónù ńkọ́? Ní ọdún 2002, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó ní obìnrin tó lé ní 16,000 nínú dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ kárí ayé, torí ó fi hàn pé irú oògùn kan lára wọn ń dá kún jẹjẹrẹ ọmú àti ẹ̀jẹ̀ dídì. Àmọ́ ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà tó nǹkan bí ọdún 63 ní ìpíndọ́gba. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ìwádìí náà yẹ̀ wò, ohun tí ọ̀pọ̀ ògbógi gbà báyìí ni pé fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì pé ọdún 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Òun ló lágbára jù fún ooru ara. Obìnrin tó ṣì ní ilé ọmọ gbọ́dọ̀ lo họ́mónù kejì mọ́ ọn, kí ilé ọmọ má bàa níṣòro. Kò yẹ fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí rọpárọsẹ̀ rí. Kì í sì í ṣe oògùn iyè, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lò ó nítorí kó má bàa gbàgbé nǹkan. Àwọn oògùn mìíràn tí kì í ṣe họ́mónù wà fún ẹni tí kò bá lè lò ó. Dókítà ló máa pinnu èyí tó yẹ yín. Ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn kiri, kí ẹ má sì fi àgbo tí ẹ ń mu pa mọ́ fún dókítà.

Ohun Tí Àwọn Yòókù Lè Ṣe

Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó yín bá ń ká aṣọ kúrò lára lóru tàbí tí ìbálòpọ̀ ń dùn ún, kì í ṣe pé ó kọ̀ yín. Ojú ara máa ń gbẹ ní àkókò yìí, ìtọ́jú sì wà fún un. Ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ gba obìnrin síṣẹ́, kò ná yín ní ohun púpọ̀ láti jẹ́ kó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kó rí omi mu, kó sì rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ lò. Ní July 2022, ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí níbi iṣẹ́, torí wọ́n rí i pé àwọn obìnrin tó mọṣẹ́ jù lọ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìrírí ọgbọ̀n ọdún kò ṣeé rà lọ́jà.

Nínú ìjọ ńkọ́? Bíbélì kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ohun ìtìjú. Jẹ́nẹ́sísì orí 18 sọ ọ́ ní gbangba pé Sárà ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù. Ṣé kò wá yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá lè pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wá bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé kan? Ṣé ìyá inú ẹgbẹ́ akọrin kò lè bọ́ aṣọ ìlékè rẹ̀ nígbà tí ooru bá mú un, láìsí pé ẹnì kan ń wò ó kọ́rọ́? Bí ìyá tó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta léèsì yẹn. Ká ní ó sọ ohun tó ń ṣe é fún ọmọ rẹ̀. Ká ní ó lọ rí dókítà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, tó sì ń kọ owó tó wọlé sínú ìwé. Ó ṣì lè gbàgbé orúkọ oníbàárà kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Á bi í pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán mi létí orúkọ yín,” á sì máa bá ọjà rẹ̀ lọ. Ohun tí kò ní ṣe mọ́ ni pé kó jókòó lóru, kó máa rò pé orí òun ti dàrú.